Bí ìpolówó ọjà orí ayélujára ṣe ń di ẹ̀tẹ́: Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù

Ní ọjọ́ ọdún Àjíǹde, nínú oṣù kẹrin ọdún 2022, Sterling Bank, ọ̀kan nínú àwọn báńkì tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà l'Ékòó, gbé àwòrán ìkíni kan sórí ìkànnì rẹ̀ lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ. Ohun tí ó sọ ni pé gẹ́gẹ́ bíi búrẹ́dì Agége, Ó dìde. Bóyá àwọn tó ṣe é rò pé ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn yóò rín, nítorí kò sí ẹni tó gbé Èkó rí tí kò mọ búrẹ́dì Agége. Inú ló bí àwọn ènìyàn. Ẹgbẹ́ CAN, ìyẹn àpapọ̀ àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. APCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà nígbà náà, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbé ìpolówó náà wá fún àyẹ̀wò kí ó tó jáde. Báńkì náà yọ àwòrán náà kúrò, ó tọrọ àforíjì, ọ̀gá àgbà rẹ̀ kọ lẹ́tà sí CAN, ẹgbẹ́ náà sì kéde pé àwọn ti darí jì í.

Orí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni gbogbo àwàdà náà dúró lé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Òyìnbó ń lò fún ìyẹ̀fun tó wú àti fún Olúwa tó jí dìde kúrò nínú ibojì. Lédè Yorùbá, wíwú ni búrẹ́dì máa ń wú, Jésù ni ó jíǹde. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò pàdé níbì kankan. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú lè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ìjọ tó ń fi Yorùbá ronú, tí òun náà sì ń jẹ búrẹ́dì Agége láàárọ̀, ìfiwéra nìkan ni yóò rí níbẹ̀: wọ́n fi Olùgbàlà rẹ̀ wé búrẹ́dì, ní ọjọ́ tó tóbi jù lọ nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ìpolówó náà, kò sì dà bí ẹni pé wọ́n dìídì fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣe é ló ṣe é fún ara wọn, wọ́n wá gbé e síwájú gbogbo ayé.

Bí a bá yẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpolówó tó ti dójú ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lórí ayélujára wò, irú àṣìṣe yìí ló ń padà wá lábẹ́ oríṣiríṣi aṣọ. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe wọ́n kò mọ iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé owó wọ́n wọn. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó ṣe ìpolówó mọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹni tó rí i lójú fóònù kò sì mọ ọ̀kankan. Ìpolówó orí tẹlifíṣàn a máa dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ní odindi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti orí ayélujára kì í rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ a gé e kúrú, ìkànnì a tún gé ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń wò ó a sì fi ìka ta á dànù kí ó tó parí. Ẹni tí inú bá bí a sì ya àwòrán apá kan rẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí igba ènìyàn tí kò ní rí èyí tó ṣẹ́kù láéláé.

Àwọn tó ń kiri ọjà nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ọgbọ́n èyí tipẹ́ kí ayélujára tó dé. Ìyá tó ń kiri àgbàdo sísun tàbí ẹ̀kọ gbígbóná kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ láti kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé. Nítorí náà, orúkọ ọjà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde, ìyìn rẹ̀ yóò tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹni tó kù ládùúgbò. Ẹni tó jókòó sínú yàrá, tí kò tilẹ̀ rí i, ti mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ohun tó gbé lérí. Ọ̀pọ̀ ìpolówó orí Facebook àti Instagram ló ṣe òdìkejì èyí. Orin a kọ́kọ́ máa dún, ọkọ̀ òfurufú a máa fò lókè Èkó, ọmọbìnrin kan a máa rìn létí òkun, orúkọ ọjà yóò wá yọjú ní ìparí, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ti lọ wo nǹkan mìíràn.

Èyí tó lè kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ gígé yìí ni ti ọṣẹ Dove ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ilé-iṣẹ́ Dove gbé fídíò kúkúrú kan sórí Facebook ní Amẹ́ríkà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà nínú rẹ̀ tó bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ilẹ̀ tó wọ̀. Bí ó ṣe ń bọ́ ọ, obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló jáde lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin funfun yìí náà bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀, obìnrin kẹta tí àwọ̀ rẹ̀ tún yàtọ̀ sì jáde. Èrò ilé-iṣẹ́ náà ni pé ọṣẹ kan náà dára fún gbogbo àwọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tí àwọn ènìyàn yà láti inú rẹ̀, tí wọ́n sì pín káàkiri ayé, obìnrin méjì àkọ́kọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀: dúdú kí wọ́n tó lo ọṣẹ, funfun lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Dove yọ fídíò náà kúrò, ó sì tọrọ àforíjì.

Obìnrin dúdú inú fídíò náà, Lola Ogunyemi, jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, tí ó sì dàgbà ní Atlanta. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kọ àlàyé tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, pé inú òun dùn láti jẹ́ aṣojú àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìpolówó náà. Ó ṣàlàyé pé fídíò mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣàn, tó gùn tó ìdajì ìṣẹ́jú, obìnrin méje ló sì wà nínú rẹ̀, wọ́n yàtọ̀ síra ní àwọ̀ àti ọjọ́ orí. Ẹni tó bá wo ti obìnrin méje kò ní rò pé wọ́n ń fọ dúdú di funfun. Ó tún fi kún un pé ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa dípò kí ó kàn tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbà pé bí ìtàn Dove ṣe rí, kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn túmọ̀ àwòrán náà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn tó ń sọ náà kò ṣòro láti rí. Ní 2011, wọ́n ti bu ẹnu àtẹ́ lu Dove nítorí ìpolówó kan tí ó to obìnrin mẹ́ta tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí wọ́n tó lò ó àti lẹ́yìn tí wọ́n lò ó, èyí tó dúdú jù lọ sì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n tó lò ó. Bí a bá tún padà sẹ́yìn sí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń ta ọṣẹ Pears ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya àwòrán ọmọ dúdú tí ọṣẹ fọ̀ di funfun. Ẹni tó ń polówó ọṣẹ, tó sì fi aláwọ̀ dúdú síwájú, tó fi funfun tẹ̀lé e, yẹ kí ó mọ̀ pé àwòrán yẹn ti wà lójú ayé fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin funfun ni wọ́n fi ṣáájú, bóyá ariwo náà kò ní ṣẹlẹ̀. Ètò àwòrán mẹ́ta péré ni.

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Lórí ayélujára, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odindi. Àbọ̀ ni yóò jẹ́ títí. Burger King ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí èyí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2021, tí í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin lágbàáyé. Ó kọ ọ́ sórí Twitter, tí wọ́n ń pè ní X láti 2023, pé inú ilé ìdáná ni ipò obìnrin. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni pé bí wọ́n bá fẹ́ ni o, pé àwọn obìnrin kò pọ̀ tó láàárín àwọn ọ̀gá alásè, àti pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ máa san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Nǹkan dáradára ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan, èyí tó tẹ̀lé e sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn ènìyàn pín kiri. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀, nígbà tó yá lọ́jọ́ náà ni ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, tí ó sì tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gbígbóná pe àwọn ènìyàn sí ìdí ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò ṣeé gbà bí kò bá sí àlàyé kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn tó sún mọ́ èyí ni pé kí ilé-iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí ó ṣe ìpolówó láàárín ara rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì máa yin ara wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2017, Pepsi gbé fídíò kan jáde tí gbajúmọ̀ ọmọbìnrin Amẹ́ríkà nì, Kendall Jenner, ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń yà á ní fọ́tò, tó darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe ìwọ́de, tó sì na agolo Pepsi kan sí ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá mu ún, gbogbo èrò hó yèè. Àwọn ọdún yẹn gan-an ni àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ń wọ́de nítorí àwọn ènìyàn wọn tí ọlọ́pàá ń pa. Bernice King, ọmọbìnrin Martin Luther King, gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ síta, níbi tí ọlọ́pàá ti ń tì í, ó sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ì bá ṣe pé bàbá òun mọ agbára tó wà nínú Pepsi ni. Ní ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà yọ fídíò náà kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Pepsi fúnra wọn ló ṣe ìpolówó náà, wọn kò gbé e fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì sọ pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹnì kan ṣoṣo láti ìta tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n nílò.

Ti Apple kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó ṣe fídíò kan fún iPad tuntun, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan ti ń tẹ dùùrù, gìtá, agolo ọ̀dà àti àwọn irinṣẹ́ ọnà mìíràn mọ́lẹ̀ títí gbogbo wọn fi fọ́ yángá, tí iPad pẹlẹbẹ kan sì jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló wà nínú ẹ̀rọ kékeré yìí. Ohun tí olórin àti ayàwòrán rí ni irinṣẹ́ iṣẹ́ wọn tí wọ́n ń fọ́. Ẹni tó bá mọ ojú tí àyàn fi ń wo ìlù rẹ̀ kò ní béèrè ìdí tí inú fi bí wọn. Apple gbà pé àwọn ṣìnà, wọn kò sì gbé e sórí tẹlifíṣàn mọ́.

Àwọn mìíràn a máa sáré bá ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn nílẹ̀ láì béèrè ohun tó dá lé. Ní oṣù kejì ọdún 2011, nígbà tí àwọn ará Cairo ń fi ẹ̀mí wọn wéwu láti lé ìjọba Mubarak kúrò, ilé-iṣẹ́ aṣọ Kenneth Cole kọ ọ́ sórí Twitter pé bóyá aṣọ tuntun àwọn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi ń pariwo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù ń fi ọ̀rọ̀ alámì kan sọ ìdí tí wọn kò fi tètè kúrò nílé ọkọ; ilé-iṣẹ́ tó ń ta pizza DiGiorno mú àmì náà, ó sì dá a lóhùn pé nítorí pizza ni. Ó wá hàn pé ẹni tó kọ ọ́ kò ka ohun tí àwọn obìnrin náà ń sọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìṣẹ́jú méjì ni ìyẹn ì bá gbà.

Ní ti Nàìjíríà àti Ghana, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní 2017 kan náà, Nivea bọ́ sínú wàhálà lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹrin, ó kọ ọ́ sórí Facebook fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìlà-oòrùn ayé pé funfun ni ìwà mímọ́. Ọ̀rọ̀ àbùjẹ ara tí kì í pọ́n aṣọ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kórìíra aláwọ̀ dúdú gbà á gẹ́gẹ́ bí orin tiwọn. Ní oṣù kẹwàá, fídíò ìpara rẹ̀ kan tí wọ́n ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ṣèlérí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sí i, gba orí Twitter kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Omowunmi Akinnifesi, ọmọ Nàìjíríà tó gba adé ẹwà ní 2005, ni ó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ó hàn sí gbogbo ẹni tó ń ta ìpara pé ohun tí àwọn oníbàárà máa ń rà láìsọ̀rọ̀ lè jẹ́ ohun tí wọn kò fẹ́ rí lójú pátákó.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, wọ́n sì lágbára láti fara da ìtìjú. Ti àwọn tó ń ta aṣọ, bàtà, ata lílọ̀ àti oúnjẹ láti inú ilé kò pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tẹ́ tiwọn ni pé owó tí wọ́n san fún Facebook ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n.

Èkíní nínú àṣìṣe wọn ni kí gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọ inú àwòrán kan ṣoṣo: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, oríṣi ọjà mọ́kànlá, àdúrà, àti ọ̀rọ̀ pupa tó ní owó ti já wálẹ̀. Ojú fóònù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Facebook tilẹ̀ ní ìlànà tẹ́lẹ̀ pé kí ọ̀rọ̀ má gbà ju ìdá kan nínú márùn-ún àwòrán ìpolówó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní fi hàn púpọ̀ ènìyàn. Ní 2020, wọ́n pa ìlànà náà tì, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò tíì tóbi sí i. Ọjà kan, ọ̀rọ̀ kan, nọ́ńbà kan ni ó ṣeé kà fún ẹni tó wà nínú dáńfó.

Ọ̀rọ̀ ohùn tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo fídíò láì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde, nítorí wọ́n wà níbi iṣẹ́, nínú ọkọ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni olówò fi sọ iye owó ọjà rẹ̀, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé. Ọ̀rọ̀ pàtàkì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ lójú fídíò, kí ó má sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni Instagram àti TikTok máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbé fídíò náà síta sí. Bákan náà ni fídíò tí wọ́n yà ní ìbú bíi ti tẹlifíṣàn: bí ó bá dé orí fóònù tí wọ́n gbé dúró, yóò di tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkùnkùn méjì. Ìwọ̀n tí àwọn ìkànnì wọ̀nyí ń lò fún fídíò ìdúró ni 9 sí 16. Kí wọ́n gbé fóònù dúró nígbà tí wọ́n bá ń yà á ti tó.

Fọ́tò ayálò ló ń ba àwọn olówò kékeré jẹ́ jù. Aránṣọ kan yóò lọ mú fọ́tò aṣọ tí ẹlòmíràn rán, tí olówó wọ̀, tí ayàwòrán ńlá yà, yóò fi polówó iṣẹ́ tirẹ̀. Oníbàárà yóò sanwó, aṣọ yóò dé, òun náà yóò sì gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síta: ohun tí mo rà, ohun tí mo gbà. Àwàdà yìí ti di ẹ̀yà kan pàtàkì nínú ẹ̀rín àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí ayélujára, kò sì sí aránṣọ tó fẹ́ wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀sín, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn oníbàárà ka fífi irọ́ polówó ọjà léèwọ̀. Òfin yìí kan náà fẹ́ kí ọjà tí wọ́n pàtẹ fún títà ní iye owó tí ẹni tó fẹ́ rà á lè rí. Ṣùgbọ́n àṣà tó gbalẹ̀ ni kí wọ́n ní kí oníbàárà wá béèrè iye rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Wọ́n a gbà pé ó wọ́n, wọ́n a sì kọjá lọ.

Èyí tó ga jù nínú ìpolówó tó ju ọjà lọ ni ti Fyre Festival. Ní òpin ọdún 2016, ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ orí Instagram gbé àwòrán aláwọ̀ ọsàn kan síta lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wá síbi àríyá orin kan ní erékùṣù Bahamas. Ìpolówó náà dára débi pé tíkẹ́ẹ̀tì tà wàràwàrà. Nígbà tí àwọn ènìyàn dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àgọ́ àwọn tí ìjàǹbá lé kúrò nílé ni wọ́n bá. Wọ́n rán ẹni tó ṣètò rẹ̀, Billy McFarland, lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà ní 2018. Kendall Jenner, tí a ti dárúkọ nídìí Pepsi, wà lára àwọn tó bá wọn polówó. Ní 2020, ó gbà láti san 90,000 dọ́là padà kí ẹjọ́ tí wọ́n pè é lè parí. Àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára nílẹ̀ yìí tó ń gba owó láti yin ohun tí wọn kò tọ́ wò yẹ kí wọ́n ka orí ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin ti yí padà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní 2022, òfin tuntun sọ APCON di ARCON, ó sì fún un ní agbára lórí ìpolówó ọjà lójú ọ̀nà gbogbo, ti ayélujára náà wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà ni àjọ yìí ti fòfin de lílo àwọn àjèjì gẹ́gẹ́ bí awòṣe tàbí ohùn nínú ìpolówó tí wọ́n ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Nínú oṣù kan náà ni ó pe Meta, tó ni Facebook àti Instagram, lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, tí ó sì béèrè 30 bílíọ̀nù náírà, nítorí ìpolówó tí kò gba àyẹ̀wò. Ìgbìmọ̀ kan wà lábẹ́ ARCON tó ń yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ráhùn pé èyí ń fa ìdádúró fún iṣẹ́ tó yẹ kí ó yára, ìráhùn náà sì ní ìdí, nítorí ọ̀rọ̀ tó gbóná láàárọ̀ lórí ayélujára ti tutù kí ó tó di alẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ará ìta tí Pepsi kò ní, tí Sterling Bank kò sì wá lọ, òun náà ni ìgbìmọ̀ yìí jẹ́.

Ó ku àṣìṣe kan tó jẹ́ ti àwọn tó ń fi Yorùbá polówó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá a máa kọ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a ní kí ẹnì kan yí i sí Yorùbá lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n a sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìsí àmì ohùn. Nínú ìwé ìròyìn, òǹkàwé ní ìpínrọ̀ odindi tó lè fi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìpolówó kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà mẹ́ta o, k, o láìsí àmì, láìsí ìdí lábẹ́, ó lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ, ọkọ́, ọ̀kọ̀ tàbí ọkọ̀, ó sì tún lè jẹ́ ohun tí a kì í dárúkọ lójú àwọn àgbà. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ fún oníbàárà láti mú èyí tó wù ú. Àwọn àmì wọ̀nyí wà lórí Gboard, pátákó ìkọ̀wé Google tó ní Yorùbá nínú, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó lórí fóònù.